Béèyàn ṣe ń di fọlọ́ńtíà ìlera àti pàjáwìrì ládùúgbò ẹ̀

Alẹ́ ọjọ́ kan ni, ní oríta kan n'Ìbàdàn níbí, ọ̀kadà àti mọ́tò kọlu ara wọn, ọlọ́kadà yẹn fò sókè ó sì fẹ̀yìn balẹ̀ lórí ọ̀dà. Kí n tó sọdá, èrò ti pé lé e lórí bí ẹni ń wo eégún. Ẹnì kan fà á dìde pé kó jókòó, ìyá kan já ẹnu píọ̀ wọ́tà ó ń dà á sí i lórí, ẹlòmíì ní kí wọ́n bọ́ bàtà ẹ̀, ọmọ kan ń fi fóònù ká fídíò. Ẹ̀jẹ̀ ń da lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n dá Máíkírà kan dúró, wọ́n ká ọkùnrin yẹn bí ẹní, wọ́n rọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò, orí ẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ṣe ń lọ. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o, èmi gan-an wà ńbẹ̀, èmi ni mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń kì í bọ mọ́tò. Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn kí n tó jókòó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa eegun ọrùn àti eegun ẹ̀yìn, mo wá rántí bá a ṣe ká a, òógùn bò mí níbi tí mo jókòó sí.

Èèyàn ò wọ́n nílẹ̀ wa tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àánú náà ò wọ́n, ètò ló wọ́n. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ èyí fáwọn tó ń bi mí pé báwo làwọn náà ṣe lè máa ṣe é. N ó sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, àwọn tó mọ̀ jù mí lọ wà. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọjọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ yẹn náà sì niṣẹ́ wà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń retí kẹ́ ẹ máa sáré gbé èèyàn lójoojúmọ́, ó máa sú yín kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ibi tẹ́ ẹ máa rọ̀ mọ́

Ẹ má dá a ṣe. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn ká dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ká yan alága, akọ̀wé àti akápò, ká rán aṣọ ẹgbẹ́ kó tó di pé a mọ ohun tá a fẹ́ ṣe, àmọ́ àwọn tó ti wà ńbẹ̀ tipẹ́ ti ní olùkọ́, àwọn ọsibítù sì mọ̀ wọ́n. Red Cross ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Láti 1917 ni wọ́n ti wà ní Nàìjíríà, abẹ́ tàwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà nígbà yẹn, òfin tó sọ wọ́n di tiwa jáde lọ́dún 1960. Wọ́n ní ọ́fíìsì láwọn ìpínlẹ̀, wọ́n tún ní ẹ̀ka láwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti láwọn iléèwé. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, ẹ ní ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bèèrè ìgbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó kàn máa bẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì. Nínú àwọn tá a jọ kọ́ ọ, télọ̀ wà ńbẹ̀, ẹni tó ń ta spare parts wà ńbẹ̀, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì náà wà ńbẹ̀, bàbá yẹn ló sì wá já fáfá jù nínú gbogbo wa, torí ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún èrò kí wọ́n gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò tẹ́ ẹ sì níṣẹ́ tiyín lọ́wọ́, ẹ tún lè lọ bá àwọn FRSC, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀, pé ẹ fẹ́ ṣe Special Marshal, àwọn ni wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn fún ojú títì. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa níbí ni ọ̀rọ̀ yẹn ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ o, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tiẹ̀ lọ́dún 1977 kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ lọ́dún 1988 tí wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká ṣe alága àkọ́kọ́.

Ibi kẹta ni àwọn èèyàn kì í rántí, bẹ́ẹ̀ òun ló sún mọ́ wa jù, ìyẹn ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín. Ẹ lọ bá ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ àjẹsára, torí lọ́jọ́ àjẹsára kò ráyè tiyín, ẹ kí i dáadáa, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ó lè jẹ́ ẹni tó máa bá wọn polongo ni wọ́n ń wá, ó lè jẹ́ ẹni tó máa lọ wo àwọn ìyá tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fọ́mọ tí wọn ò padà wá mọ́. Bá a ṣe rẹ́yìn àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n fi kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé wild polio, ìyẹn èyí tí kì í ṣe látara àjẹsára, ti tán ní Áfíríkà, ẹsẹ̀ làwọn èèyàn fi rìn ín láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló sì yẹ kó ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè tó ń bá ilé ìwòsàn yẹn ṣiṣẹ́, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣèpàdé.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀ ṣá. Ẹni tó bá fẹ́ ta fọ́ọ̀mù fún yín pé tẹ́ ẹ bá ti di fọlọ́ńtíà, ìjọba máa gbà yín síṣẹ́, wọ́n á máa san owó oṣù, irọ́ ni jàre. Wọ́n lè gbowó díẹ̀ fún ìwé-ẹ̀rí tàbí aṣọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn yàtọ̀, inú ọ́fíìsì lẹ ti máa san án, ẹ ó sì gba rìsíìtì.

Ìwé olójú-ewé ogójì

Ohun tó wúlò jù tí mo ní kì í ṣe àpótí oògùn. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni, olójú-ewé ogójì, mo fi ọ̀rá wé e kí òjò má pa á. Gbogbo ohun tá a nílò lọ́gànjọ́ ló wà ńbẹ̀. Ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ lé fóònù lọ́wọ́, ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó gan-an ni bátìrì máa kú.

Ẹ kọ ẹni tó ní mọ́tò tó ń ṣíná lóru sílẹ̀ (mo sọ pé tó ń ṣíná o, mọ́tò mẹ́rin wà ládùúgbò wa, ọ̀kan ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé). Ẹ kọ orúkọ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òpópónà kejì, ẹni tó ní àkàbà gígùn, ẹni tó ní wáyà ìfàmọ́tò, ibi tí kànga tí kì í gbẹ wà, ọsibítù tó ń ṣí lóru lóòótọ́ àti èyí tó kàn kọ 24 hours sára ògiri. Tí àwọn aráalé bá gbà fún yín, ẹ kọ ilé tí aboyún wà àti oṣù tó máa bí, ilé tí ọmọ tó ń ṣàìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wà, ilé tí bàbá tí ò lè rìn wà, torí tí odò bá kún wọlé lóru, bàbá yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ sáré lọ bá. Ìwé yìí ò gbọ́dọ̀ di ìwé ọlọ́fòófó. Ẹ má gbé e sílẹ̀ káàkiri, ẹ má sì kọ ohun tẹ́nì kan ò sọ fún yín fúnra ẹ̀.

Gééètì wá ńkọ́? Ní òpópónà kan tó wà lẹ́yìn ilé wa, aago mọ́kànlá ni wọ́n máa ń ti gééètì nítorí olè. Lóru ọjọ́ kan obìnrin kan ń rọbí, wọ́n ti gbé e sínú mọ́tò, mọ́tò dé gééètì, àgádágodo. Ọlọ́dẹ tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ sínú iyàrá kan lọ́hùn-ún ó ń sùn. Wọ́n fọn hóòn títí, gbogbo àdúgbò jí, òun nìkan ni ò jí. Àwọn ọkùnrin méjì ló fi irin já àgádágodo yẹn níkẹyìn. Ọmọ yè, ìyá yè, àmọ́ látìgbà yẹn la ti lọ bá ẹgbẹ́ àwọn onílé pé kí kọ́kọ́rọ́ gééètì kọ̀ọ̀kan máa wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú ìwé mi. Ìpàdé kan ṣoṣo ló gbà. Kò sí ohun tí mo tíì ṣe nínú iṣẹ́ yìí tó wúlò tó o.

Nọ́ńbà pàjáwìrì náà, ojú ewé àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. 112 ni ti gbogbo orílẹ̀-èdè, 122 ni ti FRSC, Èkó ní 767, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 615, tó bá jẹ́ àjàkálẹ̀ àrùn lẹ fura sí, 6232 ni ti NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn. Tẹ́ ẹ bá pè, ohun tó máa ń dà wá láàmú ni àpèjúwe ibi tá a wà, torí ilé wa ò ní nọ́ńbà, tó bá sì ní, mẹ́ta ló ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ẹ jókòó lọ́jọ́ tí ọkàn yín balẹ̀, kẹ́ ẹ kọ àpèjúwe àdúgbò yín sílẹ̀ lọ́nà tí àlejò máa fi débẹ̀: látojú títì tí wọ́n mọ̀, ẹ yà ní mọ́ṣáláṣí aláwọ̀ ewé, ẹ máa bọ̀ títí dé máàsì tẹlifóònù, ilé alájà méjì tó kọjú sí i. Lẹ́yìn yẹn ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, iye èèyàn tó fara pa, bóyá wọ́n ń mí, kẹ́ ẹ má sì gé fóònù títí wọ́n á fi ní kẹ́ ẹ gé e. Kẹ́ ẹ tún rán ẹnì kan lọ dúró sójú títì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kó máa fì í. Àìmọye ìgbà ni àmbúláǹsì ti kọjá ilé tó ń wá.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín

Ẹ dúró ná. Ẹ mí sínú lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ohun tó lè pa ẹ̀yin náà. Wáyà NEPA tó já sínú omi ńkọ́? Tí ẹni tí iná gbé bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pa iná látibi chenjóófà kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn, tó bá sì jẹ́ wáyà òpó ló já, ẹ jìnnà síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa lé èrò sẹ́yìn títí àwọn tó ni iná á fi pa á. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú pásééjì tí gbogbo ilé sì sùn tí wọn ò dáhùn? Èéfín ẹ̀ ò lóòórùn kan pàtó, ó sì ń pa odindi ìdílé lóru ọjọ́ kan. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé wọn síta síbi afẹ́fẹ́, tí ojú bá ti ń ṣú ẹ̀yin náà, ẹ jáde. Ọkọ̀ epo tó ṣubú ni mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ẹ sá, kẹ́ ẹ sì lé àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀ padà. Ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù kẹwàá 2024, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́n epo ni iná ti ká wọn mọ́, àwọn tó kú lé ní 140. Ẹ̀yin náà lè rí èébú gbà lọ́jọ́ yẹn pé ẹ ò fẹ́ káwọn jẹun, ẹ gba èébú yẹn.

Tí ibẹ̀ ò bá léwu mọ́, iṣẹ́ kejì ni èrò. Ohun tí tíṣà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kọ́ wa nìyí o, pé ẹ ò lè lé èrò, àmọ́ ẹ lè fún wọn níṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá pariwo pé “ẹ sún sẹ́yìn”, wọ́n á tún sún mọ́ ọn ni. Ẹ na ìka sí ẹnì kan: “Bùròdá aláṣọ búlúù, ẹ pe 112, ẹ padà wá sọ ohun tí wọ́n wí fún mi.” “Àǹtí, ẹ bá mi fi aṣọ yín bo ẹsẹ̀ ẹ̀.” “Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ bá wa dá mọ́tò dúró látọ̀hún.” Ọmọ tó ń ká fídíò, ẹ ní kó wá fi iná fóònù ẹ̀ tàn fún yín. Ìṣẹ́jú kan péré, àwọn tó ń dí yín lọ́wọ́ ti di òṣìṣẹ́ yín.

Ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà irú tàwọn nọ́ọ̀sì, tí ò bá sí, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá búrẹ́dì, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń da, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ má ṣí i wò. Ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí aṣọ àkọ́kọ́ bá rin, ẹ gbé òmíì lé e lórí, ẹ má yọ tàkọ́kọ́. Ọwọ́ máa ro yín, ẹ ṣì tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹni yẹn já láti òkè tàbí ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, ẹ má fà á dìde, ẹ má ká a, ẹ jẹ́ kẹ́nì kan kúnlẹ̀ síbi orí ẹ̀ kó fọwọ́ méjèèjì di orí mú gbọn-in kó má yí, títí ìrànwọ́ á fi dé. Àfi tí iná bá ń bọ̀ nìkan lẹ lè tètè gbé e kúrò. Ká wá sọ pé àmbúláǹsì ò wá, torí ọjọ́ mìíì kì í wá, ẹ wá pákó gbọọrọ tàbí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ tó èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kẹ́ ẹ jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tẹ́ ẹ ń gbé dígí, ẹnì kan ní kó máa kà á. Mọ́tò tó bá ní ẹ̀yìn gbọọrọ bíi bọ́ọ̀sì sàn ju Máíkírà lọ. Ẹ dákun, ẹ dúró de bọ́ọ̀sì.

Ẹni tí ò dáhùn tí ò sì mí, tàbí tó kàn ń gba èémí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹja tí wọ́n yọ lómi, ọkàn ẹ̀ ti dúró nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lé àárín igbá àyà, ọwọ́ kejì lórí ẹ̀, ẹ na apá yín gbọọrọ, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kẹ́ ẹ jẹ́ kó padà sókè pátápátá. 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n á kọ́ yín láti fẹ́ èémí méjì sí i lẹ́nu lẹ́yìn 30, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù ẹnu, ẹ kàn máa tẹ àyà lọ, ó sàn ju ká má ṣe nǹkan kan lọ. Ó ń rẹ èèyàn ju kí wọ́n máa gún iyán lọ, nítorí náà ẹ máa gba ara yín ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Ẹ ò lè mọ èyí dáadáa nípa kíkà o, orí ère rọ́bà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ ti máa mọ bó ṣe ń le tó.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa

Èyí ló máa ń le jù, kò sì sí nínú ìwé kankan. Ọmọ ń ṣe gìrì, ìyá àgbà ti gbé ṣíbí, ó fẹ́ fi la eyín ọmọ. Ẹlòmíì ti lọ wá ìtọ̀ màlúù, ẹlòmíì ní kí wọ́n ti ẹsẹ̀ ọmọ sítòsí iná. Tẹ́ ẹ bá jágbe mọ́ ìyá yẹn pé kó kúrò níbẹ̀, ẹ ti pàdánù ilé yẹn nìyẹn, wọn ò ní pè yín mọ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé n ó kúnlẹ̀ ti ìyá yẹn, “Mọ́mì, ẹ ṣé o, ẹ bá mi di ẹ̀yìn ẹ̀ mú báyìí, ká yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí itọ́ lè jáde, ẹ bá mi tú aṣọ ọrùn ẹ̀.” Ọwọ́ ẹ̀ ti dí, ṣíbí ti bọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ìtìjú mú. Nǹkan kan ò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọmọ, ì báà ṣe ṣíbí tàbí àgbo. Ẹ wo aago, tí gìrì bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò dáwọ́ dúró, ẹ sáré gan-an. Tó bá tiẹ̀ dáwọ́ dúró, ọsibítù náà ni, torí ibà ló sábà máa ń fà á, ó sì lè jẹ́ nǹkan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iná tó jó èèyàn náà bẹ́ẹ̀. Ẹyin tútù ni wọ́n máa gbé wá, tàbí ọṣẹ ìfọnu, tàbí omidùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé omi wá dípò ẹ̀, “ẹ bá mi fa omi sí i, ẹ máa dà á lọ́ díẹ̀díẹ̀,” odindi ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ tètè yọ òrùka àti aago ọwọ́ kí ibẹ̀ tó wú. Ọmọ tó bá mu kẹrosíìnì, epo pupa ni gbogbo wa mọ̀, àmọ́ ẹ má fún un lépo, ẹ má sì mú un bì, torí tó bá ń bì í, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ gan-an ló ti ń pààyàn.

Mo ti bá ìyá kan jiyàn rí lórí ọ̀rọ̀ epo pupa yìí níwájú ẹbí ẹ̀, mo borí nínú iyàn yẹn, àmọ́ nígbà tí ọmọ mìíì ní ilé yẹn tún mu kẹrosíìnì, wọn ò ránṣẹ́ pè mí. Àtìgbà yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú iyàn jíjà.

Àkókò àìsàn tó ń ràn

Tí òjò bá ti ń pọ̀ tí kànga àti ṣáláńgá ń dà pọ̀, ẹ máa retí onígbáméjì. Omi ara tó ń jáde ló ń pa èèyàn, ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa dá padà, ẹ má dúró de dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. ORS olọ́rá, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò pọ̀ fún un, láti ilé ìwòsàn ló dáa jù, ẹ tọ́jú mẹ́wàá sínú àpótí. Tí ò bá sí, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára jẹ́ lítà kan, ẹ da ṣíbí tíì ṣúgà 6 sí i, ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí tó tẹ́jú ni o, kò gbọdọ̀ ga, torí iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, tó bá bì í, ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ da èyí tó bá ku lẹ́yìn wákàtí 24 nù. Kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera náà o, kí wọ́n sì mọ iye ilé tó ti mú, torí ilé kejì àti ìkẹta ló ń sọ fún wọn pé àjàkálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé gbígbé aláìsàn nìkan niṣẹ́ fọlọ́ńtíà, ẹ jẹ́ kó rántí Ebola 2014. Ní oṣù keje ló wọ Èkó, Dókítà Ameyo Adadevoh àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ pé aláìsàn tó gbé e wọlé ò ní jáde, òun fúnra ẹ̀ sì kú ní 19 oṣù kẹjọ. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni àwọn tó ń kanlẹ̀kùn. Èèyàn 894 ni wọ́n tọ ipasẹ̀ wọn, wọ́n lọ ń wò wọ́n fún ọjọ́ 21, ìbẹ̀wò yẹn tó 18,500, láti bi ẹnì kan náà ní ìbéèrè kan náà, kí wọ́n sì wọn bí ara ẹ̀ ṣe gbóná tó. Àwọn kan lé wọn, àwọn kan bú wọn. 20 ló kó o, 8 ló kú, ní 20 oṣù kẹwàá wọ́n kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún. Tẹ́ ẹ bá kanlẹ̀kùn, ẹ dúró ní ìta, ẹ sọ ẹni tó rán yín wá, ẹ fi káàdì hàn, kẹ́ ẹ má sì wò yíká ilé bí ọlọ́pàá. Orúkọ aláìsàn ò gbọdọ̀ dé gúrúùpù WhatsApp àdúgbò láéláé, bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ òfin, ní kúkúrú

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún ẹni tí ìbọn bà torí ọlọ́pàá. Òfin 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà sọ pé dandan ni kí ọsibítù gbà wọ́n, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, ọsibítù fúnra ẹ̀ ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ìbéèrè da ẹni tó gbé e wá láàmú lọ́nà tí ò yẹ. Òfin ìlera 2014 náà ní ìpín 20 sọ pé kò sí ọsibítù tó gbọdọ̀ kọ ẹni tó wá fún pàjáwìrì, nítorí ìdí kankan. Mo ti débì kan rí tí wọ́n ní ká kọ́kọ́ san dípósítì ká tó gbé ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rọra dárúkọ ìpín 20 yẹn, nọ́ọ̀sì wojú mi, ó lọ pe ọ̀gá ẹ̀, wọ́n gbé ọmọ wọlé. Ẹ há a sórí. Ohùn tútù lẹ máa fi sọ ọ́ ṣá.

Ẹ̀jẹ̀ fífúnni náà jẹ́ iṣẹ́ fọlọ́ńtíà, àwọn tó ti pé ọdún 18 tí wọ́n sì wọn tó kílò 50 lè béèrè bóyá wọ́n yẹ. Ní alẹ́ Túsìdeè 16 oṣù kìíní 2024 tí nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà, tí fèrèsé ń fọ́ ní ibi tó jìnnà síbẹ̀, gbogbo èèyàn fẹ́ lọ wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ò ní iṣẹ́ kan pàtó ńbẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó sílé kí ojú ọ̀nà lè ṣí fún àmbúláǹsì, ilẹ̀ mọ́ lọ́la kẹ́ ẹ lọ fún wọn lẹ́jẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ara yín

Ẹ fún iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ tẹ́ ẹ lè fún un, Sátidé méjì lóṣù tó ẹni tó níṣẹ́ àti ọmọ. Ẹ má máa yọwọ́ sápò san owó ọsibítù fún gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá gbé, ẹ ò ní lè ṣe é ju oṣù kan lọ, ẹ jẹ́ kí àdúgbò ní àpò tó wà fún un. Tẹ́nì kan bá kú lọ́wọ́ yín, ó máa ṣẹlẹ̀, ẹ má dá sùn pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ bá àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é sọ ọ́. Èmi ò lè jẹ ẹran fún ọ̀sẹ̀ kan rí, ìyàwó mi rò pé inú ń bí mi sí òun ni.

Àpótí yín, ẹ máa tú u wò lóṣooṣù: ìbọ̀wọ́, báńdéèjì, aṣọ funfun tí wọ́n ti lọ̀, ORS, ọṣẹ, tọ́ọ̀ṣì, ìwé àti bíìrò, sísọ́ọ̀sì. Sátidé tó kọjá tá a tú tiwa, ìbọ̀wọ́ ku ẹyọ kan ṣoṣo, ti ọwọ́ òsì, sísọ́ọ̀sì ò sí ńbẹ̀. A wá a títí. Ilé alága la ti rí i, wọ́n ti fi gé ẹ̀fọ́. A ti so ó mọ́ àpótí báyìí, okùn ẹ̀ gùn tó láti dé ara aláìsàn, kò gùn dé ilé ìdáná.